Owó-orí Ilé ní Ìgbèríko Texas: Ta Ló Ń Kọ Iye Tó Wà Nínú Bílì Yẹn?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ti pẹ́ ní Houston ló ń kó jáde lọ sí àwọn káúńtì tó yí ìlú náà ká. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì fẹ̀, ènìyàn sì lè ráyè gbin ẹ̀fọ́, kó sin ewúrẹ́. Waller County wà lára wọn, níbi tí Hempstead ti jẹ́ olú-ìlú, tí Prairie View A&M University sì wà. Gbogbo owó tí ẹni tó ń ra ilé máa san ni wọ́n máa ń ṣírò fún un kínníkínní, àfi owó-orí ilé tí wọ́n kàn máa ń dárúkọ kọjá. Nígbà tó bá yá, bílì á dé, ọkàn á sì dàrú.

Bílì yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti oṣù kẹwàá ọdún. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ pọ̀: káúńtì, àgbègbè ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀ka pàjáwìrì àti panápaná, nígbà mìíràn kọ́lẹ́ẹ̀jì, ilé-ìwòsàn tàbí àjọ omi. Bí ẹ bá gbé e lọ bá akọ̀wé ní ọ́fíìsì agbowó-orí pé kó bá yín dín in kù, á sọ fún yín pé àwọn kọ́ ni àwọn dá iye náà. Òótọ́ ló sì sọ. Kí bílì tó dé, àwọn tó dá iye náà ti parí iṣẹ́ wọn, àkókò tí ẹ fi lè bá wọn jiyàn lórí iye ilé yín sì ti kọjá láti oṣù karùn-ún. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Àwọn ènìyàn wa máa ń gbé ẹjọ́ wọn dé nígbà tí ilé ẹjọ́ ti túká.

Ọwọ́ mẹ́ta ló ń kọ bílì náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ibi tí wọ́n jókòó sí.

Ọwọ́ kìíní ni ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní Appraisal District. Ọ́fíìsì ìdíyelé ni n óò máa pè é. Texas ní káúńtì 254, káúńtì kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀, lábẹ́ òfin kan tó jáde ní 1979. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ iye tí ilé yín ìbá tà lọ́jà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún náà. Ní ọ̀pọ̀ káúńtì, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ọwọ́ kejì ni àwọn tó ń ná owó náà: ìgbìmọ̀ káúńtì, tí County Judge àti kọmíṣọ́nnà mẹ́rin ń jókòó nínú rẹ̀, ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, àti àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké yòókù. Àwọn wọ̀nyí ló ń pinnu réètì, ìyẹn iye tí wọ́n á gbà lórí $100 kọ̀ọ̀kan nínú iye ilé yín. Ọwọ́ kẹta ni agbowó-orí, tó ń ṣe ìṣirò, tó ń fi bílì ránṣẹ́, tó sì ń gba owó. Ní àwọn káúńtì kan tí ènìyàn wọn kò tó 10,000, ṣẹ́ríìfù káúńtì ló tún ń ṣe iṣẹ́ agbowó-orí náà.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Texas fúnra rẹ̀ kì í gba owó-orí lórí ilé. Kì í sì í gbà á lórí owó oṣù. Òfin ìpílẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ gbà á láyè mọ́ láti 2019. Nítorí náà, nígbà tí káúńtì àti ilé-ẹ̀kọ́ bá ń wá owó, orí ilé àti ilẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yíjú sí. Ilé-ẹ̀kọ́ ló sábà máa ń gba ìpín tó pọ̀ jù, bí ẹ kò tilẹ̀ ní ọmọ kankan tó ń lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ti san Land Use Charge rí ní Èkó lè rò pé òun mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ṣùgbọ́n láti 2001 tí ti Èkó ti bẹ̀rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń kọ bílì náà. Ní Texas, àjọ márùn-ún tàbí mẹ́fà lè máa gba owó lórí ilé kan ṣoṣo, kí ọ̀kan má sì ní àṣẹ lórí èkejì. Kò sí ọ̀gá kan tí ẹ lè lọ bẹ̀ fún gbogbo rẹ̀.

Ìgbèríko ní àǹfààní tirẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò sí nínú ààlà ìlú kankan kì í san owó-orí ìlú. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí panápaná ìlú níbẹ̀, ó lè rí Emergency Services District, ìyẹn ẹ̀ka pàjáwìrì àti panápaná, lórí bílì rẹ̀. Òfin kò jẹ́ kí àjọ yẹn gbà ju sẹ́ńtì 10 lọ lórí $100. Ẹ̀yin tó ń ra ilé tuntun nínú ẹ̀sítéètì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí àárín pápá, ẹ wò ó dáadáa bóyá MUD wà níbẹ̀. Àjọ tó yá owó láti fi ṣe omi àti ọ̀nà tí ìdọ̀tí ń gbà jáde ni MUD. Àwọn onílé ló ń san gbèsè náà nínú owó-orí wọn lọ́dọọdún, ó sì lè mú kí owó-orí ilé inú pápá wúwo ju ti inú ìlú lọ. Òfin ní kí ẹni tó ń ta ilé fún yín fún yín ní ìwé ìkìlọ̀ nípa rẹ̀ kí àdéhùn tó dè yín. Ẹ wá ìwé yẹn láàárín òkìtì tí wọ́n bá kó síwájú yín, kí ẹ sì kà á kí ẹ tó buwọ́ lu ohunkóhun.

Owó gidi wà nínú ohun tó kàn yìí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ń gbé inú ilé náà, tó sì jẹ́ ibùgbé yín gan-an, Texas ní ẹ̀dínwó kan fún yín tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Homestead. Ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ gba owó-orí lórí $140,000 àkọ́kọ́ nínú iye ilé náà. $100,000 ni láti 2023. Àwọn olùdìbò fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá 2025 pé kó lọ sókè, ó sì ká bílì ọdún 2025 náà mọ́. Káúńtì àti àwọn àjọ yòókù lè fi ẹ̀dínwó tiwọn kún un, tó lè tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé. Ìyẹn kì í ṣe dandan fún wọn, nítorí náà ẹ béèrè ti àdúgbò yín.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Ká ní ilé yín tó $280,000, ká ní ilé-ẹ̀kọ́ ń gba $1.00 lórí $100, káúńtì ń gba sẹ́ńtì 50, ẹ̀ka pàjáwìrì ń gba sẹ́ńtì 10. Mo kàn mú àwọn réètì yìí kí ìṣirò lè rọrùn ni. Tiyín á yàtọ̀. Láìsí Homestead, ilé-ẹ̀kọ́ á gba $2,800, káúńtì á gba $1,400, ẹ̀ka pàjáwìrì á gba $280. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $4,480. Bí Homestead bá wà, ilé-ẹ̀kọ́ á yọ $140,000 kúrò, á sì gba $1,400 lórí èyí tó kù. Àpapọ̀ á wá di $3,080, ká tilẹ̀ ní káúńtì kò yọ nǹkan kan. $1,400 lọ́dọọdún nìyẹn, nítorí fọ́ọ̀mù kan tí ẹnikẹ́ni kì í gba owó lórí rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù náà ń jẹ́ 50-114. Ọ́fíìsì ìdíyelé ni ẹ máa fi ránṣẹ́ sí. Ẹ má gbé e lọ fún agbowó-orí. Àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé ìwakọ̀ yín tàbí káàdì ìdánimọ̀ Texas yín gbọ́dọ̀ bá ti ilé náà mu, ibẹ̀ sì ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń há: wọ́n ti kó dé ilé tuntun, àdírẹ́sì Houston ṣì wà lórí ìwé ìwakọ̀ wọn. Ẹ yí ìyẹn padà kọ́kọ́. Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ni gbèdéke ọdún kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì lè fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ títí di ọdún méjì lẹ́yìn ọjọ́ tí owó-orí ọdún náà wọ gbèsè, kí wọ́n sì dá owó tó ti san lé padà fún un. Ẹ wo bílì àtẹ̀yìnwá yín lónìí bí ẹ bá ń ṣiyèméjì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà á, ẹ kò ní máa kọ fọ́ọ̀mù lọ́dọọdún, àmọ́ láti 2023 òfin ti ní kí ọ́fíìsì ìdíyelé máa yẹ̀ ẹ́ wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún márùn-ún bóyá ẹ ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí wọ́n bá kọ lẹ́tà sí yín nípa rẹ̀, ẹ dá wọn lóhùn.

Lẹ́tà mìíràn tún máa ń wá, tó jọ ti ìjọba, tó ń sọ pé kí ẹ san owó kan kí wọ́n lè bá yín fi orúkọ sílẹ̀ fún Homestead. Ẹ má san nǹkan kan.

Ilé kan ṣoṣo ni ènìyàn lè fi Homestead sí. Tọkọtaya tó ní ilé méjì kò lè pín in, kí ọkọ mú ọ̀kan, kí ìyàwó mú èkejì. Ilé tí ẹ fi ń háyà kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ sí Nàìjíríà tí ẹ sì pẹ́ níbẹ̀, ẹ̀dínwó náà kò ní bọ́ bí ìrìn-àjò yín kò bá tó ọdún méjì, tí ẹ ní i lọ́kàn láti padà, tí ẹ kò sì sọ ilé mìíràn di ibùgbé yín gan-an.

Homestead tún ń ṣe ohun kejì tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Láti ọdún tó tẹ̀ lé ọdún àkọ́kọ́ tí ẹ gbà á, iye tí wọ́n fi ń ṣírò owó-orí yín kò gbọdọ̀ fò sókè ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún kan, bó ti wù kí ọjà le tó, àfi bí ẹ bá kọ́ nǹkan tuntun mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fi $250,000 ṣírò fún yín lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n wá ní ilé náà tà tó $320,000 báyìí, orí $275,000 ni ẹ máa san. Ìdí nìyí tí iye méjì fi máa ń wà lórí lẹ́tà wọn, ọ̀kan ti ọjà, èkejì ti owó-orí. Èyí tó kéré ni ẹ ń san báyìí, ṣùgbọ́n á máa gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí á fi bá ekejì rẹ̀, ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé ọjà ti dúró, kí owó-orí yín ṣì máa pọ̀ sí i. Inú máa ń bí àwọn ènìyàn sí èyí, wọ́n á ní wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Ohun tí wọn kò san lọ́dún tó kọjá ló ń lé wọn bá.

Bí ilé bá kúrò lọ́wọ́ onílé kan, ààbò yẹn kì í bá ilé lọ. Ẹni tó ń ra ilé kò gbọdọ̀ fi bílì ẹni tó tà á fún un díwọ̀n tirẹ̀ láéláé. Ẹni tó tà á lè jẹ́ ẹni ọdún 72 tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn, tí iye rẹ̀ kò gòkè bọ̀rọ̀, tí owó-orí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti dúró sójú kan, tí ó sì ń kó màlúù sí ẹ̀yìn ilé. Gbogbo ẹ̀dínwó wọ̀nyẹn á bá a jáde. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, iye ọjà gan-an ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yín.

Ti ilé tuntun tún burú ju ìyẹn lọ. Ẹ rántí pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n fi ń wo ilé. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, bílì ọdún yẹn á jẹ́ ti ilẹ̀ lásán, bí ẹ tilẹ̀ kó wọlé ní oṣù kẹfà. Báńkì tó yá yín lówó á wo bílì kékeré yẹn, á sì fi ṣírò iye tí yóò máa gbà pamọ́ sínú escrow lóṣooṣù fún owó-orí. Ọdún kejì, wọ́n á ka ilé mọ́ ilẹ̀, bílì á di ńlá, báńkì á san án, owó escrow kò ní tó, wọ́n á sì kọ̀wé sí yín pé kí ẹ dí àlàfo náà, kí ẹ sì tún máa san iye tuntun lóṣooṣù. Gbèsè ilé kò yí padà rárá, síbẹ̀ owó tí ẹ ń san lóṣù á fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là pọ̀ sí i. Ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn nítorí èyí, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ìṣẹ́jú márùn-ún ní ọjọ́ tí wọ́n rà á ni ìbá gbà wọ́n. Ẹ mú iye tí ẹ ra ilé, ẹ yọ Homestead nínú ti ilé-ẹ̀kọ́, ẹ fi réètì ṣírò èyí tó kù, ẹ máa tọ́jú ìyàtọ̀ náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti oṣù àkọ́kọ́ tí ẹ wọlé.

Ní ti ilẹ̀ oko: òfin gbà pé kí wọ́n fi ohun tí ilẹ̀ lè mú jáde ṣírò owó-orí ilẹ̀ tí wọ́n ń fi dáko tàbí sin ẹran, dípò iye tó lè tà lọ́jà. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ oko fún ọdún márùn-ún nínú méje tó ṣáájú. Ilẹ̀ tí ilé dúró lé, pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀, kò sí nínú ẹ̀. Ọ́fíìsì ìdíyelé káúńtì kọ̀ọ̀kan ló ń sọ iye ẹran tó gbọ́dọ̀ wà lórí éékà kan. Ewúrẹ́ méjì lórí éékà mẹ́wàá lè má tó. Oyin náà wọ̀ ọ́, fún ilẹ̀ tó jẹ́ éékà 5 sí 20. Bí ẹ bá ra ilẹ̀ tó ti wà lábẹ́ ètò yìí tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù tiyín, torí ti ẹni tó tà á kò ní ṣiṣẹ́ fún yín. Bí ẹ bá sì yí ilẹ̀ náà padà kúrò ní oko, bóyá ẹ fẹ́ kọ́ ilé-ìtajà sí i, wọ́n lè padà sẹ́yìn ọdún mẹ́ta láti gba ìyàtọ̀ owó-orí tí ẹ kò san. Rollback ni wọ́n ń pè é. Àwọn ìjọ wa tó ń ra ilẹ̀ ńlá lójú ọ̀nà ìgbèríko ní láti béèrè nípa rẹ̀ kí wọ́n tó dáwó.

Ẹ jẹ́ ká padà sí oṣù karùn-ún. Láàárín oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ni lẹ́tà ọ́fíìsì ìdíyelé sábà máa ń dé, tó ń sọ iye tí wọ́n rò pé ilé yín jẹ́. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kì í ṣe bílì, àwọn ènìyàn á sì tìtorí ìyẹn sọ ọ́ nù. Lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì ju bílì lọ. Bí iye náà bá pọ̀ jù lójú yín, ẹ ní títí di ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún, tàbí 30 ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì, láti kọ ìwé ẹ̀hónú. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kò nílò lọ́yà.

Ní ìgbèríko, ẹ̀hónú yín lè lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ ju ti ará ìlú lọ, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀. Texas wà lára àwọn ìpínlẹ̀ díẹ̀ tí òfin kò ti fi dandan lé e pé kí ẹni tó ra ilé sọ iye tó rà á fún ìjọba. Nínú ìlú, ilé bí ọgọ́rùn-ún tó jọra lè tà láàárín ọdún kan, kí òṣìṣẹ́ sì rí ohun tó máa fi wé tiyín. Ní ìgbèríko, ilé mẹ́ta lè tà lójú ọ̀nà kan láàárín ọdún méjì, kí ọ̀kan jẹ́ ilé bíríkì ńlá, kí èkejì jẹ́ ilé alágbèérìn lórí éékà méjì, kí ẹ̀kẹta má jọ ìkankan nínú wọn. Òṣìṣẹ́ tó díye lé ilé yín kò wọ inú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló fi ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé pa pọ̀. Kò mọ̀ pé ìpìlẹ̀ ti sán, pé kànga yín gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, pé apá kan ilẹ̀ náà ń rì sínú omi bí òjò bá rọ̀ púpọ̀. Àfi bí ẹ bá sọ fún un.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ìkànnì ọ́fíìsì ìdíyelé káúńtì yín, kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ nípa ilé yín. Ṣé bó ti fẹ̀ tó nìyẹn? Ṣé ọdún tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn? Ṣé wọ́n ka ilé ìkẹ́rù tó ti wó mọ́ ọn? Ẹ ya fọ́tò gbogbo ohun tó bàjẹ́, ẹ gba ìwé iye àtúnṣe lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Bí ẹ bá ra ilé náà láìpẹ́ ní iye tó kéré sí ohun tí wọ́n kọ, ìwé tí ẹ fi rà á ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Ẹ sì béèrè fún ẹ̀rí tiwọn. Ẹ̀tọ́ yín ni láti rí i ní ọjọ́ 14 ṣáájú ìgbẹ́jọ́. Púpọ̀ nínú ẹ̀hónú ló ń parí sórí tábìlì òṣìṣẹ́ kan, láìdé iwájú ìgbìmọ̀. Bí kò bá parí síbẹ̀, Appraisal Review Board á gbọ́ yín. Ará káúńtì bíi tiyín ni wọ́n, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìdíyelé. Ẹ sọ̀rọ̀ nípa iye ilé nìkan níbẹ̀. Ẹkún pé owó-orí ti pọ̀ jù, tàbí pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín, kò sí lábẹ́ àṣẹ wọn bó ti wù kó jẹ́ òótọ́ tó.

Ẹkún owó-orí tó pọ̀ ní ibi tirẹ̀: ìpàdé tí wọ́n ti ń dá réètì, ní oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án. Gbogbo ènìyàn ló lè wá síbẹ̀ kó sọ̀rọ̀. Láti 2019, òfin ti sọ pé bí káúńtì bá fẹ́ kí owó tó ń gbà láti fi ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ lórí àwọn ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀ fi ju ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, ó sábà máa ń ní láti béèrè lọ́wọ́ olùdìbò. Lórí ìkànnì Texas.gov/PropertyTaxes, ẹ lè rí réètì tí àjọ kọ̀ọ̀kan fẹ́ dá, àti ohun tó máa sọ bílì yín dà, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ní káúńtì kékeré, ènìyàn mẹ́rin márùn-ún péré lè wá sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ohùn ọmọ Yorùbá mẹ́wàá níbẹ̀ kò ní ṣàìjẹ́ gbígbọ́.

Ní ti sísan, ọjọ́ 31 oṣù kìíní ni gbèdéke. Bó bá di ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ti gorí rẹ̀. Bó bá fi máa di oṣù keje, ó ti di 18, wọ́n sì tún lè fi owó lọ́yà tó tó ìdá 20 lé e. Òfin kò gba àwáwí pé bílì kò dé ọwọ́ yín. Ní ìgbèríko tí àpótí lẹ́tà ti jìnnà sílé, tàbí tí ẹ ń lo àpótí ìfìwéránṣẹ́, ẹ rí i pé àdírẹ́sì tí wọ́n ní lọ́wọ́ jẹ́ èyí tí ẹ ń yẹ̀ wò. Bí owó kò bá sí, ẹ lọ bá agbowó-orí kí oṣù kìíní tó parí, kí ẹ béèrè bóyá ẹ lè san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sá fún wọn. Ilé tí gbèsè owó-orí bá wà lọ́rùn rẹ̀ pẹ́, wọ́n lè tà á ní gbàǹjo ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù. Bó bá jẹ́ Homestead, onílé ní ọdún méjì láti rà á padà, ṣùgbọ́n á san ìdá 25 lé owó náà lọ́dún kìíní, á sì san 50 lọ́dún kejì.

Fún àwọn àgbà, nǹkan rọrùn díẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé, tó sì ń gbé inú rẹ̀, bá ti pé ọdún 65, ilé-ẹ̀kọ́ á tún yọ $60,000 mọ́ $140,000 ti tẹ́lẹ̀, tó di $200,000. Owó-orí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ á sì dúró sójú kan. Kò ní gòkè mọ́ àyàfi tó bá kọ́ yàrá kún ilé. Ó lè san owó-orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọdún láìsí ìtanràn. Màmá tí ẹ mú wá láti Ìbàdàn tó ń bá yín gbé kò lè mú ẹ̀dínwó yìí wá bí kò bá ní ìpín nínú ilé náà. Àgbà náà tún lè ní kí wọ́n dá owó-orí dúró pátápátá níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń gbé ilé náà, àmọ́ èmi kì í tètè gba ènìyàn nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Gbèsè náà kò lọ síbì kan. Èlé ìdá 5 lọ́dún ló ń gùn ún, àwọn ọmọ ló sì máa bá a.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn ló kù. Bàbá lè kú láìkọ ìwé ìhágún, kí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí ilé, kí ọmọ kan máa gbé inú rẹ̀, kí àwọn yòókù wà ní Dallas, London àti Abẹ́òkúta. Bàbá kò sí mọ́, nítorí náà Homestead rẹ̀ á bọ́, owó-orí á sì fò sókè lórí ilé tí ẹbí kò tíì fẹnu kò lé lórí. Láti 2019, Texas ti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láyè láti gba Homestead lódindi ní orúkọ ara rẹ̀. Ìwé ìbúra tó fi hàn pé ó ní ìpín nínú ilé náà, ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ikú bàbá, àti bílì iná tàbí omi tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni yóò fi ti fọ́ọ̀mù 50-114 lẹ́yìn. Bí àwọn ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá rẹ̀ bá ń bá a gbé níbẹ̀, tí wọ́n sì jọ jogún rẹ̀, àwọn náà á kọ ìwé pé wọ́n fọwọ́ sí i. Ọ́fíìsì ìdíyelé kò sì ní àṣẹ láti sọ pé àfi kí ó kọ́kọ́ mú ìwé ilẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wá.